Ẹyin Ọ̀pọ̀lọ́ Lẹ́yìn Òjò Bingerville

Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje ni òjò ńlá fi máa ń rọ̀ ní Bingerville, ní Côte d'Ivoire. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, ọ̀sà Ébrié wà nísàlẹ̀, gbogbo omi tó bá sì bọ́ sórí páànù àti ojú pópó ló ń wá ọ̀nà lọ bá ọ̀sà. Èyí tí kò bá rí ọ̀nà lọ á dá dúró: nínú ipa táyà ọkọ̀ akóyanrìn, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ ilé, lẹ́yìn ògiri tí wọn ò tíì rẹ́, lábẹ́ ọparun inú ọgbà ewéko tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ibi tí omi yìí dúró sí ni ariwo á ti bẹ̀rẹ̀. Akọ ọ̀pọ̀lọ́ á wú ọ̀fun, á máa han kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Àkèré kéékèèké orí koríko á máa dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Igbe òru rẹ̀ náà kì í ṣe lásán: aya ló ń pè, ẹyin ló sì máa ń gbẹ̀yìn igbe náà.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ariwo á ti rọlẹ̀, àwọn ọmọdé á sì ti débẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló sáré wọlé wá pè mí: “Ìyá, ẹ wá wo okùn dúdú nínú omi!” Mo bá a lọ. Ẹ̀yìn ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni, níbi tí ọkọ̀ ti tẹ ilẹ̀ wọnú, omi ibẹ̀ kò sì kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tó pè ní okùn yẹn, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Òun kan náà ni à ń rí lálẹ́ lábẹ́ iná ìta, tó ń ṣa kòkòrò jẹ, ní Èjìgbò ní Nàìjíríà bó ṣe rí ní Abidjan. Okùn méjì ló ń ti ara abo jáde lẹ́ẹ̀kan náà, akọ tó gùn ún lẹ́yìn á sì máa da àtọ̀ lé e bó ṣe ń jáde. Okùn náà lọ́ mọ́ koríko, ó lọ́ mọ́ pákó tó ti rì, ẹyin inú rẹ̀ sì tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Abo kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa á rí ohun tí kì í hàn sí ẹni tó dúró lókè. Ohun tó bo ẹyin náà mọ́ gaara, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, kò ní èèpo líle kankan. Apá òkè ẹyin dúdú, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Bí a bá rọra yí okùn náà padà, ẹyin tó ti gba àtọ̀ á tún ara rẹ̀ yí láìpẹ́, dúdú á padà sókè. Dúdú yẹn ló ń gba ooru oòrùn sára, òun náà ló ń dáàbò bo ọlẹ̀ lọ́wọ́ ìtànṣán. Funfun ìsàlẹ̀ sì ni oúnjẹ tí ìyá dì sílẹ̀ de ọmọ. Ẹyin tí kò gba àtọ̀ kò ní yí. Á funfun tán, á wú, irun wẹ́wẹ́ á sì bò ó: olu inú omi ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Kí ojúmọ́ mìíràn tó mọ́, èyí tó yè nínú wọn á ti pa ìrísí dà. Ara rẹ̀ tó rí róbótó á gùn, kòtò tóóró á là gba ẹ̀yìn rẹ̀, etí kòtò náà á pàdé, ibẹ̀ ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn á ti hù. Orí á yọ, ìrù á yọ, ọlẹ̀ á máa mira. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì ló fi ń já jáde.

“Ìyá, ṣé ká gbé e lọ sílé?” Ọ̀pọ̀ òbí ni ìbéèrè yìí máa ń bá lójijì, tí wọ́n á kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ lè dúró jẹ́ẹ́, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀lọ́ ń rí wọn lára. Mo gbà pé ohun méjì ló yẹ ká fi dáhùn: irú ẹyin tó jẹ́, àti ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí omi tó wà nínú rẹ̀.

Ẹyin púpọ̀ ló wà lágbègbè yìí tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Àkèré kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Hyperolius máa ń lẹ ẹyin mọ́ ewé tó yọrí lókè omi. Ìbátan wọn, Afrixalus dorsalis, á ká ewé náà dé, á sì fi omi ara rẹ̀ lẹ etí ewé pọ̀. Ẹni tó bá ṣí ewé yẹn wò, èèrà àti oòrùn ló ṣílẹ̀kùn fún. Níbi tí igbó ṣẹ́kù sí, a lè rí ìfófó funfun tó so rọ̀ lára ẹ̀ka tó na sórí omi. Ti Chiromantis rufescens ni. Abo ló ń tú omi ara jáde, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lù ú títí tó fi hó, ẹyin á sì wà láàárín rẹ̀. Ìta á gbẹ, inú á ṣì tutù. Nígbà tó bá yá, ìfófó á yọ́, àwọn ọmọ á já bọ́ sínú omi tí ìyá wọn ti yàn fún wọn. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ̀ka náà lọ sílé ti gba omi yẹn lọ́wọ́ wọn. Lábẹ́ ewé gbígbẹ, Arthroleptis ń yé ẹyin sínú ilẹ̀ tó tutù, ẹyin náà kì í sì wọ omi rárá. Àkèré kíún tó ti lẹ́sẹ̀ ló ń pa jáde. Lórí òkè Nimba, níwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀lọ́ kan tilẹ̀ wà tí kì í yé ẹyin. Nimbaphrynoides occidentalis ń gbé oyún tó bí oṣù mẹ́sàn-án, ó sì ń bí ọmọ tó pé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni a ti mọ̀. Igbó Banco wà láàárín Abidjan gan-an, ó ti di ọgbà ìjọba láti 1953, síbẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí àkèré orí igi kan tí ìwé kankan kò tíì kọ nípa rẹ̀. 2009 ni wọ́n tó fún un lórúkọ, Morerella cyanophthalma, ẹlẹ́yinjú búlúù. Gbogbo ìgbà tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn fi ń gba ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́ ló fi ń bá wọn gbé ìlú kan náà. Nítorí náà, ẹyin tí a kò bá mọ irú rẹ̀, ká fi í sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ọgbà ìjọba, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o, ì báà jẹ́ èyí tí a mọ̀.

Èyí tó kù tí a lè tọ́ ni ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ lásán, tí omi rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ tàbí tí wọ́n ti fẹ́ dí. Èyí kò sì ṣọ̀wọ́n ní Bingerville, níbi tí ilé ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igbó lójoojúmọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí ọmọ mi rí, yanrìn ti wà ní òkìtì. Mo bi ọ̀gá bíríkìlà ibẹ̀, ó ní, “Màmá, lọ́la la máa dí i.” Ìyẹn ló tán ọ̀rọ̀. A fi ọ̀bẹ mímọ́ gé díẹ̀ nínú okùn náà fún báàfù ilé. Ìyókù, a fi korobá rọra bù ú pẹ̀lú omi rẹ̀, a gbé e lọ sínú omi tó dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀, lójú ìṣàn kan náà, níbi tí ẹyin irú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Gbígbé tí a gbé ìyókù yẹn lọ ṣe àǹfààní fún ọ̀pọ̀lọ́ ju báàfù lọ. Ti báàfù, ojú àwa ni ó wà fún, kí ọmọ lè rí bí ẹ̀dá ṣe ń di ẹ̀dá.

Omi tí wọ́n yé ẹyin sí ni kí a fi tọ́ ọ. Kí báàfù fẹ̀, kó má jìn, kó má sì ní òórùn ọṣẹ kankan lára. Bí omi bá ń fà, omi òjò ni kí a fi kún un. Bó bá di dandan kí ó jẹ́ omi ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ láìdé fún ọjọ́ kan gbáko kí kílórínì inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Abẹ́ ìbòòji ni kó wà, kí oòrùn òwúrọ̀ díẹ̀ máa kàn án. Oòrùn ọ̀sán á sè wọ́n. Ogún ẹyin ti tó fún báàfù kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ wọn á ba omi jẹ́, wọ́n á ràn, àwọn tó lágbára á sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó kù. Ẹyin tó bá ti funfun, kí a yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí olu rẹ̀ má bàa ran èyí tó yè.

Nígbà tí légbénlègbé, ọmọ inú omi yìí, bá kọ́kọ́ jáde, kì í wẹ̀. Kò gùn ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ohun kan wà lábẹ́ orí rẹ̀ tó ń lẹ̀, òun ló fi so mọ́ ara okùn tó ti jáde tàbí mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàfù, á sì dúró gbagidi. Àwọn òbí á rò pé ó ti kú. Ẹnu rẹ̀ kò tíì là ni. Oúnjẹ ìyá tó ṣẹ́kù níkùn ló ń jẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín yọ síta, òun ló fi ń mí. Láìpẹ́ awọ á bò ó, ihò kan ṣoṣo á ṣẹ́kù lápá òsì, ibẹ̀ ni omi tó gba ẹnu wọlé á máa gbà jáde. Ìgbà náà ni ẹnu á là, tí ìwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo báàfù á sì kún fún ìrìn. Ẹ bu ọ̀kan sínú ife gíláàsì, ẹ gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ ikùn tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ ó rí ìfun tó ká róbóróbó, tó gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí ẹni tó ń jẹ ewé nílò ìfun gígùn. Lẹ́nu rẹ̀, eyín wẹ́wẹ́ tò ní ìlà-ìlà. Òun ló fi ń họ ohun tútù tó ń yọ̀ lára òkúta.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ gbé òkúta tó ti hu ohun tútù yẹn wá láti inú omi tí ẹ ti bu ẹyin. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ fi díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọdé á fẹ́ da búrẹ́dì, ìrẹsì àti attiéké sínú báàfù. Ẹ kọ̀ fún wọn, omi á kan. Ohun tí wọn kò bá jẹ tán nírọ̀lẹ́, ẹ kó o kúrò. Bí omi bá ti ń rùn tàbí tó ṣókùnkùn, ẹ yí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ padà; bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyípadà náà lè pa wọ́n.

Ohun kan wà tí ará Bingerville kò gbọdọ̀ fi ṣeré, òun ni omi tó dúró sílé. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó jà ní Grand-Bassam ní 1899 ló lé ìjọba amúnisìn Faransé gòkè wá síbí. Bingerville, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà wọn àkọ́kọ́, Louis-Gustave Binger, sọ, di olú-ìlú ní 1900, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1934 tí Abidjan gba ipò náà. Ẹ̀fọn Aedes aegypti ló ń gbé ibà yẹn kiri. Òun náà ló ń gbé ibà dengue, nígbà tí dengue sì bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan ní 2017, agbègbè ìlera Cocody-Bingerville ló pọ̀ sí jù. Ẹ̀fọn yìí fẹ́ràn omi tó mọ́, tó dúró sínú korobá, táyà àti ìkòkò òdòdó. Nítorí náà, àwọ̀n wíwẹ́ gbọ́dọ̀ bo báàfù náà, kí a fi okùn so ó yípo. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé légbénlègbé pé yóò bá wa jẹ tanwíji tán. Ewé àti ohun ara òkúta ni oúnjẹ tirẹ̀. Kí ẹni ńlá nínú ilé máa yẹ omi náà wò lójoojúmọ́, kó sì máa fi asẹ́ kó tanwíji tó bá rí. Ilé tí kò bá lè ṣe èyí, kó lọ máa wo ẹyin níbi tí wọ́n yé e sí.

Ọwọ́ náà ní òfin tirẹ̀. Kí a tó kì í bọ omi, ká fi omi lásán ṣàn án, nítorí ọṣẹ, ìpara àti oògùn ẹ̀fọn ń gba awọ ẹ̀dá wọ̀nyí wọlé. Bí a bá ti yọ ọ́, ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí májèlé wà lára ọ̀pọ̀lọ́, kì í sì í ṣe nínú kókó tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ nìkan. Ó wà nínú ẹyin àti nínú ọmọ inú omi pẹ̀lú. Kí ajá àti adìẹ má mu nínú omi náà.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ hàn, kókó méjì níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Á máa gùn, oríkèé á hàn, ìka á là. Ti iwájú náà ti ń dàgbà ní gbogbo ìgbà yẹn, awọ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tó bá tó, ìgbọ̀nwọ́ á ti awọ já, apá kan á yọ lójijì, èkejì á tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò ní jẹun mọ́. Ẹnu tóóró á fẹ̀ títí dé abẹ́ ojú, eyín wẹ́wẹ́ á re dànù, ìfun gígùn á kúrú, nítorí kòkòrò ni yóò kù tí yóò máa jẹ. Ìrù kì í já. Ara ló ń fà á mu díẹ̀díẹ̀, tó sì fi ń bọ́ ara rẹ̀ títí ẹnu tuntun á fi ṣe tán. Ẹṣẹ́ ọrùn, irú èyí tó ń wú di gẹ̀gẹ̀ lára èèyàn, ló ń pàṣẹ gbogbo àyípadà yìí. Ní 1912, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. F. Gudernatsch fi ẹṣẹ́ yìí láti ara ẹran bọ́ légbénlègbé, wọ́n sì di àkèré bíńtín ṣáájú ọjọ́ wọn.

Àkókò yìí ló léwu jù lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí báyìí. Bí kò bá rí ibi gùn, omi tó gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa pa á. Ẹ dín omi kù, ẹ gbé apá kan báàfù ga, ẹ fi òkúta àti èèpo igi sí i. “Ìyá, ó ti gòkè!” Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ṣe pariwo. Ọ̀kan dúró lórí òkúta, ara rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ ku kín-ń-kín. Abẹ́ ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè-sódò wéré-wéré, ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ó wo iwájú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún gbé èkejì.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé parí. Èèrà tó kéré jù àti àwọn kòkòrò inú ewé tí ojú wa kì í fẹ́ẹ̀ rí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ, kò sì sí ìyàrá tó lè pèsè wọn tó. Bí ìrù bá ti tán, kí a dá wọn padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ tutù, sí etí omi tí a ti bu wọ́n tàbí èyí tó súnmọ́ ọn jù lójú ìṣàn kan náà.

Mo tẹnu mọ́ ojú ìṣàn kan náà nítorí ewu ńlá kan wà tí a kì í fojú rí. Olu kan wà tó ń jẹ́ Batrachochytrium dendrobatidis, tí àwọn onímọ̀ sọ lórúkọ ní 1999. Awọ àkèré ló ń bà jẹ́, awọ yẹn sì ni wọ́n fi ń mu omi, tí wọ́n tún fi ń mí. Ó ti pa ọ̀pọ̀ irú wọn run ní Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà, àti ní Australia. Wọ́n ti rí olu náà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tó jáde ní 2013 lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò rí i níwọ̀-oòrùn ibi tí pápá ti gba igbó dé etí òkun ní Benin àti Tógò. Mọ́tò tó ń kó àwọn èèyàn wa láti Èjìgbò wá sí Abidjan ń la àárín ibẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé légbénlègbé, àkèré ààyè, tàbí omi odò nínú ike sọdá, ì báà jẹ́ fún eré ọmọdé. Láàárín Bingerville náà, kí á má da omi báàfù kan sínú odò mìíràn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni kí á dà á sí. Kí á má sì da ẹyin oríṣi méjì pọ̀: ọmọ inú omi ti kọ̀ǹkọ̀ Hoplobatrachus occipitalis, èyí tí à ń jẹ, máa ń jẹ àwọn ọmọ inú omi mìíràn.

Ìròyìn àgbáyé tó jáde ní 2023 sọ pé nínú 100 irú ẹ̀dá tó ń gbé inú omi àti orí ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, bí 41 ló wà nínú ewu àparun, ibùgbé tí wọ́n ń pàdánù ló sì ń ṣe wọ́n ní jàǹbá jù. Ọ̀pọ̀lọ́ lásán kò tíì sí lára wọn, àìtó ẹyin kọ́ sì ni ìṣòro àwọn tó wà níbẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ìyá kan yé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà. Ẹja, ẹyẹ àti ọmọ lámilámi inú omi ń jẹ ìyókù, àwọn náà sì ní láti jẹun. Ibi tí wọn ó yé ẹyin sí ló ń tán. Báàfù kò lè rọ́pò rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ ọmọdé di ẹni tó mọ ohun tó wà nínú omi ẹ̀yìn ilé, tí kò ní dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ẹyin, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: omi wo ni màá dá wọn padà sí? Bí omi náà bá wà, kó gbé báàfù kalẹ̀, kó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Bí kò bá sí, ọ̀dọ̀ onílé tó fẹ́ kó yanrìn dí àfọ̀ ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi igun kan sílẹ̀.